Ọjọ́ Tí Wọ́n Ta Ayé ní Gbàǹjo

Ìtìjú ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kúrò lójú mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ ti mọ ti èmi àti àwọn fíìmù òfurufú àtijọ́ tí àwọn ará Ítálì ṣe. Ìyàwó mi ní àìsàn ni. Ẹ jẹ́ kó máa wí. Ẹni tí kò bá tíì wo Starcrash tí Luigi Cozzi ṣe ní 1978, níbi tí ìràwọ̀ ojú ọ̀run ti ń tàn ní pupa, ní àwọ̀ ewé, ní àwọ̀ aró, bí gílóòbù wínníwínní tí wọ́n ń ta sára igi Kérésì, onítọ̀hún kò tíì mọ ìgbádùn. Nínú fíìmù yẹn kan náà, àwọn ọmọ ogun já fèrèsé wọlé láti inú òfurufú, ìjà bẹ́ sílẹ̀, kò sí ẹnì kan tó wá èémí tì. Kò tiẹ̀ sí ẹni tó wúkọ́.

Ti Mario Bava, olùdarí fíìmù ará Ítálì mìíràn, ló wá ń pa mí jù. Ní 1965, ó fẹ́ kọ́ odidi pílánẹ́ẹ̀tì fún fíìmù kan, owó kò sí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé òkúta oníke méjì péré lòun rí, àjẹkù fíìmù mìíràn. Ó da èéfín bò wọ́n, ó gbé dígí síwájú wọn, òkúta méjì sì di ilẹ̀ àjèjì tó lọ salalu. Òkúta méjì o! Èmi ti ra tírélà òkúta mẹ́ta, fẹ́ǹsì ilé mi kò tíì dé ìbàdí.

Kì í ṣe Bava ló dójú tì mí ṣá. Alfonso Brescia ni.

Ọkùnrin yìí a máa kọ Al Bradley sára fíìmù rẹ̀ kí wọ́n lè rò pé ọmọ Amẹ́ríkà ni. Láàárín 1977 sí 1979, ó ṣe fíìmù òfurufú mẹ́rin. Mo ní mẹ́rin, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo aṣọ, ẹ ó ní ìnáwó kan ṣoṣo ni. Ó ti dá aṣọ ẹbí tán, ó di dandan kí wọ́n wọ̀ ọ́ dé òde tó kàn. Wíìgì tó kó sórí àwọn róbọ́ọ̀tì rẹ̀ ló ba tèmi jẹ́. Róbọ́ọ̀tì Brescia kì í ṣe irin. Ènìyàn bíi tèmi tìẹ ni, tí wọ́n gbé irun lé lórí, irun pípọ́n bí gàrí alépo, tí a gé bí ẹni pé wọ́n da igbá bo orí onítọ̀hún kí wọ́n tó fi àlùmọ́gàjí yí i ká. Gbogbo wọn! Bí ẹ bá ka mẹ́wàá, orí gàrí mẹ́wàá. Mo ti ń lá àlá wọn báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo dé ọjà, mo rí òkìtì gàrí níbi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i.

Lálẹ́ Sátidé, wọ́n mú iná wá, nǹkan ìyanu. Ọmọ mi obìnrin ti bá mi kó fíìmù Brescia méjì sórí fíláàṣì, ó sọ ọ̀kan ní 1, ó sọ èkejì ní 2, torí ó ní orúkọ wọn gùn jù. Mo jẹ ẹ̀bà méjì. Ẹ̀bà kan ni dókítà fọwọ́ sí. Mo wá tẹ 1.

La guerra dei robot ni, ti 1978. Àwọn orí gàrí jí ọ̀jọ̀gbọ́n kan gbé, òun àti obìnrin tí ń bá a ṣiṣẹ́, Lois. Balógun ọkọ̀ tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n máa dé ibẹ̀, Lois ti di ọbabìnrin àwọn ajínigbé! Mo pariwo, ìyàwó mi ní kí n má jí àwọn ọmọ. Mo ní kí n sinmi ojú díẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún péré.

Nígbà tí mo lajú, orí gàrí ṣì wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó tán. Kí ni mo tún ń wá? Mo fi ìka nu itọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo ń bá fíìmù lọ.

Ṣé ẹ rí i, fíìmù kìíní ti parí tipẹ́, ẹ̀rọ ti tẹ 2 fúnra rẹ̀. Èmi kò mọ̀. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n ń ta Ayé ní gbàǹjo. Ayé tí a wà yìí! Wọ́n ń pe iye, wọ́n ń fi owó lé owó, ẹnì kan tó ń jẹ́ Kess ló rà á. Kò wá ọmọ onílẹ̀ rí, kò gba risíìtì, kò pe sọ́fíyọ̀, ó ń kó orí gàrí bọ̀ wá gba ilẹ̀. Mo ní, “Háà! Lois ló tà á!” Ta ni ì bá tún jẹ́? Obìnrin gorí ìtẹ́ láìpẹ́, ìnáwó ti pọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tún yọ, ó ń kó àwọn jagunjagun jọ. Mo ní ẹni tí wọ́n jí gbé nìyí, wọ́n ti gbà á sílẹ̀ nígbà tí mo ń sùn. Ojú rẹ̀ kò jọ tàná, mo ní ìyà ló jẹ ẹ́. Balógun náà ti di ẹlòmíràn pátápátá, mo ní ó gẹrun. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Yanti Somer, arábìnrin tó gé irun mọ́lẹ̀ yẹn, wà nínú méjèèjì, òun gan-an ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀! Róbọ́ọ̀tì méjì tún jáde, Tilk àti Tilly, àwọn yìí jẹ́ páànù gidi, wọ́n ti fẹ́ pa ara wọn nítorí ìfẹ́. Mo fi etí aṣọ nu ojú. Páànù ni mo ń sunkún fún.

Lọ́jọ́ kejì, ìkómọ wà ládùúgbò. A ti jẹun tán, mo wá ro ìtàn yìí fún tábìlì wa láti orí dé ìdí, bí Lois ṣe fi ìlara gba ìtẹ́, tó ta Ayé fún Kess kó lè fi owó rẹ̀ ra wíìgì. Bọ̀ọ̀dá kan tí wọ́n máa ń sọ pé kò sí fíìmù tí àwọn kò tíì wò wà níbẹ̀. Wọ́n mi orí.

“Mo mọ̀ ọ́n. Ní sinimá Èkó ni mo ti wò ó, ní '79.”

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ rántí ibi tó ti ta Ayé?”

“Ha! Ibi tó ti ń ka owó náà! Mo sunkún lọ́jọ́ náà, àbúrò. Lóòótọ́ ni mo sunkún.”

Inú mi dùn débi pé mo fi ẹran mi lé oúnjẹ wọn.

A délé, ọmọ mi ní, “Dádì, ẹ má bínú. Fíìmù wo lẹ ń sọ lẹ́ẹ̀kan?” Ó ṣí fíláàṣì. 1 rèé, ti 1978. 2 rèé, Sette uomini d'oro nello spazio, ti 1979. Lois kò ta nǹkan kan. Lois kò tilẹ̀ mọ Kess rí! Ìyàwó mi dojú bo ìrọ̀rí, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ti ba Lois lórúkọ jẹ́ níwájú àwọn àgbà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan. Bí fíìmù tí mo sọ kò bá sí láyé, kí ni bọ̀ọ̀dá wò ní '79? Owó wo ni wọ́n rí tí Lois ń kà? Ẹran mi ńkọ́?

Mi ò tíì bèèrè. Lọ́jọ́ Ajé wọ́n wá yá fíláàṣì, wọ́n ní àwọn fẹ́ rántí ìgbà èwe. Ẹnu mi wúwo, mo gbé e fún wọn. Àná ni wọ́n dá a padà, wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n mí kanlẹ̀.

“Ó ṣì dùn bíi ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n, àbúrò, àwọn oníranù wọ̀nyí ti gé ibi tí mo ti sunkún kúrò.”