A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àmọ́ ọkọ̀ wa ti kà á

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń béèrè mi, ara le, ọwọ́ ló dí. Àlàbá ti dé. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ó ń sanra, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí iná òkè àjà, ó sì ti sọ òru di ọ̀sán mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́. Ẹ bá wa dúpẹ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀, bí ilé wa ṣe tò nìyí: àkọ́bí wa obìnrin ti pé ọmọ ọdún 12, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ 10, àwọn ìbejì jẹ́ 8, Ìdòwú jẹ́ 4, Àlàbá ló wá tẹ̀ lé e. Bí màmá ọkọ mi bá rí bí mo ṣe ń to ọmọ sílẹ̀ báyìí bí ẹni ń to àwo, ojú wọn á le. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," ohun tí wọ́n máa wí nìyẹn. Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a wà yìí, ńṣe ni gbogbo fọ́ọ̀mù ń bi ènìyàn pé ọmọ mélòó. Iléèwé bi wá, dókítà bi wá, onílé bi wá. Obìnrin kan tó jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì náà bi mí, òun ò tiẹ̀ ní fọ́ọ̀mù lọ́wọ́.

Òfin ibí ni pé kí òbí lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ kí ọjọ́ 42 tó pé. Nígbà ti àkọ́bí, ọjọ́ kẹsàn-án la ti débẹ̀, èmi àti bàbá rẹ̀, a múra bí ẹni ń lọ òde ìyàwó, a ya fọ́tò lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ti Àlàbá, ọjọ́ 39 ni bàbá rẹ̀ yọ́ kúrò níbi iṣẹ́, òun nìkan, pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Orúkọ mẹ́rin la fún ọmọ yìí, torí ó ti di pé gbogbo ẹbí ló gbọ́dọ̀ sọ tirẹ̀ sí i. Ó ní nígbà tí òun fi máa pe lẹ́tà orúkọ kẹta tán, obìnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó na ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó mí kanlẹ̀, kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹjọ náà ti kọjá. Méjì ni wọ́n gún un, wọ́n sì kán oògùn kan sí i lẹ́nu. Àlàbá ké díẹ̀, ó sùn. Ìdòwú tí mo mú dání, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, ló sunkún títí a fi délé.

Ọ̀rọ̀ aago ni kì í tán láàárín wa àti Màmá. Láti òpin oṣù Kẹta títí di òpin oṣù Kẹwàá, aago ibí àti aago Nàìjíríà kò yàtọ̀ síra. Tó bá wá di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, wọ́n á dá aago ibí padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Màmá ò gbà. Tí wọ́n bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán ní aago mẹ́fà, wọ́n á pè wá lórí WhatsApp kí wọ́n lè rí ojú ọmọ. Aago márùn-ún géérégé ni lọ́dọ̀ wa. Mo ṣàlàyé fún wọn pé wọ́n ti sún aago. Wọ́n ní, "Ta ló sún un? Ṣé oòrùn náà gbọ́ sí i?" N ò rí èsì fọ̀. Àlàbá náà ò sì gbọ́ sí i, torí bó ṣe ń jí ní aago mẹ́fà tẹ́lẹ̀, aago márùn-ún ló ń jí báyìí, òun àti ìyá rẹ̀ àgbà jọ ń wo ara wọn lójú fóònù, èmi á gbé fóònù dání pẹ̀lú ojú dídì.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ wa kì í sinmi. Ohun tí mo kàn fẹ́ sọ nípa rẹ̀ ni pé a ní àpò kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó kún fún ìbọ̀sẹ̀ tí kò ní ìkejì. Ẹ fi àpò yẹn sọ́kàn, ó ṣì máa wúlò.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ gan-an ló gbé mi dé ibí. Oníjókòó méje ni ọkọ̀ wa tẹ́lẹ̀: méjì níwájú, mẹ́ta láàárín, méjì lẹ́yìn. Kí Àlàbá tó dé, ó kún dẹ́nu. Àpò iléèwé wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ, agboòrùn wà lórí itan mi. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo sọ fún bàbá wọn pé mo ti lóyún, ó dúpẹ́, ó dì mọ́ mi, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Èèyàn mẹ́jọ, ìjókòó méje." Mo ní a kì í ka ọmọ. Ó ní òun ò ka ọmọ, ìjókòó lòun ń kà.

Nílé, ọmọ ọwọ́ kì í gba àyè nínú ọkọ̀. Itan ìyá rẹ̀ ni ìjókòó rẹ̀. Níbí, ọmọ ọjọ́ kan gba ìjókòó odindi, tirẹ̀ sì fẹ̀ ju ti àgbàlagbà lọ. Irú èyí tí a rà fún Àlàbá, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọjú sí títí yóò fi kọjá oṣù 15. Ẹ ò sì lè gbé e síwájú bí àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń bẹ́ jáde nígbà ìjàǹbá bá ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà méjì. Dádì á kọ́kọ́ gbé àwa kan lọ, a ó dúró de àwọn tó kù lẹ́nu ọ̀nà nínú òtútù. Nígbà tí ìpín kejì bá fi dé, wọ́n ti ń gba ọrẹ. Àárín ìgbà yẹn ni mo ń ka orí lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, tí mo rí márùn-ún, tí mo tún un kà, márùn-ún náà ni. Àyà mi já. Àkọ́bí mi ló fọwọ́ tọ́ ẹ̀yìn mi. Ẹni tí mò ń wá ń sùn nínú ọ̀já.

Àwọn ọ̀rẹ́ kan sọ fún wa pé tí a bá fẹ́ ra bọ́ọ̀sì kékeré, a máa nílò láíséǹsì ọ̀tọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láíséǹsì tí bàbá wọn fi ń wa ọkọ̀ lójoojúmọ́ gbà á láti wa ọkọ̀ tó ní ìjókòó èrò mẹ́jọ yàtọ̀ sí ti awakọ̀. A rí oníjókòó mẹ́sàn-án kan tó ti lò díẹ̀. Ẹni tó tà á fún wa kò sọ pé ajá lòun fi ń gbé kiri, imú wa ló sọ fún wa. Ọkọ̀ náà gùn débi pé imú rẹ̀ máa ń yọ jáde níbikíbi tí a bá gbé e sí. Ṣùgbọ́n gbogbo wa wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìjókòó kan sì ṣẹ́ kù. Màmá rí i lórí fóònù, wọ́n ní, "Ó dáa, ó ku ọ̀kan." Mo díbọ́n bí ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa fún.

Ní ti àkọ́bí wa, ó ti wọ iléèwé girama, ó ń dá wọ bọ́ọ̀sì lọ. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé ọmọ púpọ̀ máa ń tọ́ ara wọn. N ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló máa ń tọ́ wọn, bí kò bá sì ṣe ìyá, a jẹ́ pé àkọ́bí obìnrin ni. Níbí tí kò sí àǹtí, tí kò sí ìyá àgbà ní yàrá kejì, kíá ni ọmọ ọdún 12 máa ń di ìyá kékeré. Lọ́jọ́ tí mo rí i tó ń fi ọwọ́ kan rẹ Àlàbá lẹ́kún, tó ń fi ọwọ́ kejì ṣe ìṣirò, mo gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sọ pé láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sí pípọ́nmọ lọ́jọ́ iléèwé. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè lọ́wọ́ mi lóṣù yẹn ni kọ́kọ́rọ́ fún dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Mo rà á fún un, n ò bi í pé kí ló fẹ́ tì mọ́ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ọkọ̀. Òfin sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ lo ìjókòó ọmọdé títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí títí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ìdí rẹ̀ ni pé bẹ́líìtì ọkọ̀, àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún. Bí ọmọ kò bá ga tó, ọrùn ló máa gbà dípò èjìká, ikùn ló sì máa gbà dípò egungun ìbàdí. Ọmọ wa kejì mọ gbogbo èyí. Ó lè kà á fún yín láìwòwé. Ṣùgbọ́n ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan rí i lẹ́nu géètì iléèwé lórí búsítà, ìjókòó ọmọdé tó máa ń gbé ọmọ ga sókè, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́, láti ọjọ́ náà ni kò ti sí àlàáfíà mọ́. Sẹ̀ǹtímítà 134 ló wà.

Férémù ilẹ̀kùn kíṣìnnì la ti ń wọn ọmọ. Ilà pẹ́ńsù kún ara rẹ̀ bí ìṣẹ̀ǹbáyé. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọmọkùnrin yìí ń lọ dúró ti férémù, ó ti ya irun rẹ̀ sókè, ó na ọrùn bí àkùkọ. Lọ́sẹ̀ kan, bàbá rẹ̀ gbé ìwé lé e lórí, ó wò ó: 136. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan! Dádì wo ilẹ̀. "Bọ́ ìbọ̀sẹ̀." Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ dúdú. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, aláwọ̀ ewé, ó nípọn. Ó bọ́ ìyẹn náà, a rí ìkẹta, aláwọ̀ osàn, tó ní àwòrán ológbò, tí àkọ́bí ti ń wá láti ọdún tó kọjá. Ẹ rántí àpò tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn.

Kì í kúkú ṣe òun nìkan ló ń retí. Nínú ilé báyìí, bí ẹnì kan bá sún, gbogbo ènìyàn ló máa sún. Táíwò ló ń dúró de búsítà rẹ̀. Irú búsítà tí kò ní ẹ̀yìn yẹn, tiwa kì í ṣe fún ọmọ tí kò bá ga ju 125 lọ, tí kò sì wúwo ju kìló 22 lọ. Táíwò jẹ́ 127. Kẹ́hìndé jẹ́ 123. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wá, torí Kẹ́hìndé ní òun lẹ̀gbọ́n, gbogbo Yorùbá ló mọ̀ pé òun ló rán Táíwò wáyé kó lọ wò bóyá ayé dùn, nítorí náà òun ló yẹ kó kọ́kọ́ gbà á. Dádì ní ìjọba ibí ò mọ ẹni tó rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́, tépù ni wọ́n mọ̀. Tí Táíwò bá kúrò lórí ìjókòó tirẹ̀ tó ní ẹ̀yìn, Ìdòwú ló máa bọ́ sí i, torí ó ti tó ìwọ̀n rẹ̀. Èyí tí Ìdòwú bá fi sílẹ̀ á lọ sínú àjà de Àlàbá. Ilé odindi ń dúró de sẹ̀ǹtímítà kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ló pé. Bàbá rẹ̀ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ẹsẹ̀ lásán, irun ní títẹ̀. 135. Ó hó yèè, ó sáré yí ilé po, Àlàbá jí. Kí a tó sọ pé ká lọ ra nǹkan, àwọn ọmọ ti wà nínú ọkọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ ìjókòó láàárín ara wọn láìsí pé a dá sí i. Ọ̀gá wa tuntun jókòó sẹ́yìn, ó fa bẹ́líìtì, ó bá a léjìká dáadáa. Mo wò ó láti iwájú, ó ń ṣe bí ẹni tó ti ń san owó orí.

A ò tí ì dé òpin òpópónà tó fi dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo gbọ́ ohùn rẹ̀, jẹ́jẹ́:

"Mọ́mì, mi ò rí ìta mọ́."

Mo yíjú padà. Lóòótọ́ ni, etí fèrèsé ti bò ó dé imú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Táíwò ga sókè lórí búsítà bí ọba lórí ìtẹ́, ó ń wo gbogbo ìlú.

"Táíwò, jọ̀ọ́, jẹ́ n lò ó títí a fi máa dé ibi iná ojú ọ̀nà."

Táíwò ò tiẹ̀ mójú kúrò lójú fèrèsé. "Bọ̀dá mi," ó ní, "ẹ ti ga jù fún un."