Sí àbúrò mi tó ní ọ́tísìmù, tó ń wọ Yunifásítì Ifẹ̀

Àbúrò mi, kí o tó di ẹrù rẹ, mọ èyí: ìbẹ̀rù èèyàn yàtọ̀ sí ọ́tísìmù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì sábà máa ń jọ gbé lára ẹnì kan. Ìbẹ̀rù á máa sọ fún ọ pé, "Gbogbo wọn ló ń wò ọ́, wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́." Ọ́tísìmù ní tirẹ̀, bí ọpọlọ wa ṣe rí láti kékeré nìyẹn: ariwo máa ń wọ̀ wá lára ju bó ṣe ń wọ ẹlòmíì lọ, àyípadà òjijì sì máa ń dà wá láàmú.

Ìdí tí mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé oògùn wọn kò jọra. Ìbẹ̀rù máa ń dín kù bí o bá ń sún mọ́ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù díẹ̀díẹ̀. Bí o bá ń sá fún un, ṣe ló ń pọ̀ sí i. Etí tí ariwo ń dùn kò rí bẹ́ẹ̀. O lè jókòó ti jẹnẹrétọ̀ fún odindi sáà, kò sọ pé kí etí má dùn ọ́. Àwọn àgbà tó ń sọ pé "Máa wà láàárín wọn, á mọ́ ọ lára" jàre ní apá kan, wọ́n sì jẹ̀bi ní apá kejì.

Jẹ́ ká mú ti ìbẹ̀rù ná. Tètè dé Ifẹ̀ kí ọgbà tó kún. Rìn láti họ́stẹ́ẹ̀lì dé ibi tí wọ́n ti máa kọ́ ọ, wọ yàrá náà nígbà tó ṣófo, yan ìjókòó tó sún mọ́ ilẹ̀kùn. Dé ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi, kí o wá igun tó dákẹ́. Nígbà tí èrò bá dé, àwọn èèyàn nìkan ló máa ṣàjèjì sí ọ.

Ní ti ìkíni, Yorùbá ti bá ọ ṣe ìdajì iṣẹ́: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ fún gbogbo ìgbà, ìdáhùn rẹ̀ náà wà ńlẹ̀. Ẹ̀yìn ìkíni ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó gbà mí ni kí n ní iṣẹ́ láàárín ẹgbẹ́. Mo máa ń kọ nóòtì tó já gaara, mo sì ń fi í sórí WhatsApp kíláàsì wa. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi wá, mo mọ ohun tí màá sọ, mo sì mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá parí. Láàárín àwọn tó ń wá nóòtì yẹn ni mo ti rí ọ̀rẹ́. Ẹgbẹ́ akọrin tàbí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta chess rọrùn fún irú wa ju àríyá lọ fíìfíì.

Ọ̀rọ̀ ojú tún wà. Nílé, ọmọ tí kì í tẹjú mọ́ àgbà là ń pè ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, torí náà kò sẹ́ni tó fura sí mi. Lọ́jọ́ tí o bá máa sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì, wọ́n á fẹ́ kí o gbójú sókè. Iwájú orí wọn ni kí o máa wò. Wọn kì í mọ̀.

Ariwo àti àárẹ̀ ńkọ́? Má bá wọn jà. Ra fóòmù kékeré tí wọ́n fi ń dí etí, lọ jẹun ní búkà kí ọ̀sán tó pọ́n. Sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá pé, "Bí mo bá faṣọ borí, kì í ṣe ìjà, mò ń sinmi ni." Bí o ò bá sọ ọ́, wọ́n á ní o ń gbéra ga. Bí ọ̀rọ̀ wọn ò bá sì yé ọ, bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Ọmọlúwàbí ni mí, odidi ni mo sì fẹ́.

Ta ni kí o wá sọ fún pé o ní ọ́tísìmù? Kì í ṣe gbogbo ayé. Àwọn kan ṣì wà tí wọ́n á fẹ́ mú ọ lọ sórí òkè àdúrà. Irú wọn, sọ ohun tí o nílò fún wọn láìdárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí level adviser rẹ, ìyẹn olùkọ́ tó ń tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún yín sọ́nà, mọ̀, kí ìwé dókítà sì wà lọ́wọ́ rẹ. Òfin tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, kan ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Má kàn sọ pé "Ẹ ràn mí lọ́wọ́, sà." Béèrè ohun kan pàtó, bí ìjókòó nítòsí ilẹ̀kùn nígbà ìdánwò, tàbí kí wọ́n kọ ìtọ́ni sílẹ̀ dípò kí wọ́n kàn fẹnu sọ ọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní yunifásítì ò yẹ irú wa, sọ ti Donald Triplett fún un. Òun ni ọmọ àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ 11 tó ní ọ́tísìmù tí dókítà Leo Kanner kọ̀wé nípa wọn ní Amẹ́ríkà ní 1943. Ó lọ sí Millsaps College ní Mississippi, ó gboyè nínú èdè Faransé ní 1958, ó sì ṣiṣẹ́ ní báńkì nílùú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni ọdún 89 ni nígbà tó kú ní 2023. Lóòótọ́, ìdílé rẹ̀ rí jájẹ, àwọn ará ìlú rẹ̀ sì gbà á bó ṣe rí. Ìyẹn ò kéré.

Bí ìbẹ̀rù bá le débi pé o ò lè jẹun, o ò lè sùn, tàbí o ń sá fún kíláàsì, má dúró dìgbà ìdánwò. Lọ sí ilé ìwòsàn ọgbà. Bí ẹnu rẹ ò bá gbà á láti sọ, kọ ọ́ sínú ìwé kí o fà á lé dókítà lọ́wọ́. Àárọ̀ ni kí o lọ, kí èrò tó pọ̀.