Ìmọ̀-ọ̀pẹ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń lọ láti ilé dé ilé gba ìmọ̀-ọ̀pẹ gbígbẹ. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa lè máa rò ó pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Bí a bá ti gbé ìmọ̀-ọ̀pẹ lọ́wọ́ kọrin wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, kálukú á mú tirẹ̀ lọ sílé. Àwọn kan á fi sáàárín Bíbélì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ọ̀pọ̀ jù lọ máa ń fi kọ́, lórí ìṣó. Ibẹ̀ ni yóò wà títí yóò fi gbẹ bí koríko inú ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí Lẹ́ńtì ọdún kejì, ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, bá wá kù sí dẹ̀dẹ̀, èmi ni mo ń kó wọn jọ, èmi ni mo sì ń sun wọ́n, nítorí eérú wọn ni àlùfáà fi ń sàmì àgbélébùú síwájú orí wa ní Ọjọ́rú Eléérú. Àwọn ọmọdé ìjọ ti sọ mí ní Màmá Ọlọ́pẹ. Mo fẹ́ràn orúkọ náà.

Ìjọ Áńgílíkà kékeré ni tiwa, ní apá Òkè-Baálẹ̀ níbí ní Òṣogbo. Bí gbogbo wa bá pé, a ò ju ọgọ́ta lọ. Bí òjò bá ṣú láàárọ̀ Sọ́ńdè, a lè má tó ọgbọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́ wa pọ̀ tí wọ́n ti lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, n kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ní tiwa, bí ẹnì kan kò bá sí lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ojú gbogbo wa ló ń rí àyè náà. Kí àlùfáà tó dé orí ìkéde, ẹnì kan á ti tẹ ẹnìkejì nígbọ̀nwọ́ pé, "Ìyá Ẹlẹ́kọ ńkọ́?"

Lọ́dún 2025, ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ni mo jáde lọ kó ìmọ̀-ọ̀pẹ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀, Ọjọ́rú Eléérú tiwa sì bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún oṣù náà. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn. Ẹni tó bá mọ ìlú yìí mọ bí ó ṣe rí: nínú agboolé kan náà, ẹ̀gbọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, àbúrò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì jọ ń sá aṣọ sórí okùn kan. Lọ́dún náà, ìlú gbogbo gbààwẹ̀ pọ̀.

Ilé Bàbá Akọrin ní Ayétòrò ni mo kọ́kọ́ yà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ohùn rẹ̀ kò sì tíì yẹ̀. Kò sí ọdún tí mo lọ síbẹ̀ tí kì í tún ìtàn kan sọ fún mi, n kì í sì í dá a dúró. Ọmọdé ni nígbà tí Dúró Ládípọ̀, gbajúgbajà òṣèré orí ìtàgé nì, kó ìlù wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì All Saints níbí fún orin Àjíǹde, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ọmọ ilé ìjọ ni Dúró Ládípọ̀, iṣẹ́ Ọlọ́run ni bàbá rẹ̀ ṣe, síbẹ̀ àwọn àgbà ìjọ bínú. Wọ́n ní ìlù òrìṣà kò gbọdọ̀ dún nílé Olúwa. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 1962, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí eré rẹ̀ ti rí àyè. Bàbá máa ń sọ ọ́, á sì na ọwọ́ sí gángan tó wà ní igun yàrá rẹ̀. Gángan yẹn ni ó ń ṣíwájú wa bí a bá ń gbé ìmọ̀-ọ̀pẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. "Ìyá Ìbejì," ó ní, "ohun tí wọ́n torí rẹ̀ jà, òun náà la fi ń pe Jésù wọlé báyìí." Ó bọ́ ìmọ̀-ọ̀pẹ rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó fi lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ léni lọ́wọ́.

Ibòmíràn ò pẹ́ mi. Lọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́kọ, ọmọ ti fi ìmọ̀-ọ̀pẹ hun yẹtí méjì àti òrùka. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, iná kì í bèèrè ìrísí. Ní Dàdá Estate, tọkọtaya kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó kò rí tiwọn mọ́. Ojú ti ìyàwó. Mo ní kò burú, mo sì ti fẹ́ dìde kí n tó rí i pé àga kan ṣoṣo ló kù nínú yàrá náà, èyí tí mo jókòó lé. Ọkọ rẹ̀ ti pàdánù iṣẹ́ láti oṣù kọkànlá, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń wá sí ìsìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ owó sínú àpò ọrẹ. Ìmọ̀-ọ̀pẹ ni mo bá lọ. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ǹ bá wá ṣe nínú yàrá wọn? Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìrẹsì àti gàrí ti dé ọ̀dọ̀ wọn, a kò sì kéde rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo fi kádìí ìrìn náà, ní ilé Màmá, àgbà obìnrin ìjọ wa kan.

Màmá kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n Ìwé Àdúrà wà lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ti gbọ́ ọ fún ọgọ́ta ọdún ó lé. Bí àlùfáà tuntun bá fo ìlà kan, Màmá á pe ìlà náà jẹ́jẹ́ láti orí bẹ́ǹṣì kejì, àlùfáà á sì padà sẹ́yìn lọ mú un. Òun ló kọ́ mi pé ká máa dánu dúró díẹ̀ lẹ́yìn "Olúwa, ṣàánú fún wa" kí a tó tún un pè. Ó ní bí o bá bẹ èèyàn, ṣé o ò ní jẹ́ kí ó gbọ́ ni?

Mùsùlùmí ni àkọ́bí rẹ̀. Ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ ló tẹ̀ lé, ó sì ti lọ sí Mẹ́kà. Ọkàn mi ń ṣe kámi-kàmì-kámi bí mo ṣe ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, nítorí mo rò pé wọ́n á ti palẹ̀ yàrá mọ́, wọ́n á ti da gbogbo rẹ̀ nù. N kò sì fẹ́ béèrè. Àlàájì ló ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ nítorí ààwẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ẹ káàbọ̀. Mo ti ń retí yín."

"Ẹ kú ààwẹ̀ o, Àlàájì."

"Ẹ̀yin náà, tiyín ń bọ̀ lọ́nà. Ó wà níbẹ̀. A ò fọwọ́ kàn án."

Ó ti ilẹ̀kùn yàrá Màmá padà kí n lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìmọ̀-ọ̀pẹ náà wà lórí ìṣó, bí Màmá ṣe kọ́ ọ ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta ọdún 2024, ọjọ́ ọ̀pẹ tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi àkísà àdìrẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó nídìí, ó ta á ní kókó méjì. Aró rẹ̀ ti ṣá níbi tí oòrùn ojú fèrèsé ti ń bà á, ṣùgbọ́n inú kókó náà ṣì dúdú. N kò lè sọ̀rọ̀. Àlàájì wo ibòmíràn títí mo fi nu ojú mi tán.

Ní alẹ́ Túsìdeè ni mo sun wọ́n, lẹ́yìnkùlé mi, nínú apẹ irin ńlá kan tí n kì í fi ṣe nǹkan mìíràn. Ewé ló kọ́kọ́ ń gbaná, wàràwàrà, bí ẹni ń tú èdìdì. Ọwá ọ̀pẹ kì í yára. Á máa rú èéfín, á máa ta pàpà, èèyàn sì gbọ́dọ̀ dúró tì í. Bí o bá jẹ́ kí iná jẹ ẹ́ tán pátápátá, eérú rẹ̀ á funfun, kò ní hàn lórí awọ. Nítorí náà, bí ó bá ti dúdú kalẹ̀, mo máa ń fi ọmọrí dé e kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé. Bí ó bá tutù, mo máa ń lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, mo máa ń fi asẹ́ jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdì mẹ́tàlélógún ni mo sun lọ́dún náà, ohun tó kù kò kún ìdajì ife tíì. Kí n tó ju ti Màmá síná, mo tú àdìrẹ yẹn kúrò nídìí rẹ̀, mo fi sáàárín Ìwé Àdúrà mi.

Ọdún kìíní tí wọ́n gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́, mo ṣe é bàjẹ́. Mo bu omi sí eérú náà láti alẹ́ kí ó lè lẹ̀ dáadáa, mo bò ó, mo lọ sùn. Kí ìsìn àárọ̀ ọjọ́ kejì tó parí, àwọn ọmọdé ti ń họ iwájú orí. Ara ọmọbìnrin kan tilẹ̀ lé roro ní ìrísí àgbélébùú. Ìyá rẹ̀ kò bá mi jà, ó kàn ń da omi tútù sí i lórí, èmi sì dúró tì wọ́n, mo ń sunkún ju ọmọ lọ.

Ó sì yẹ kí n mọ̀. Ọmọ-ọmọ aláró ni mí, nínú ìlú tí wọ́n ń pè ní ìlú aró. Kò sí ọmọ Òṣogbo tí kò gbọ́ ọ rí pé igi tí àwọn tó tẹ ìlú dó gé lulẹ̀ ló wó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, tí Ọ̀ṣun fi kígbe láti inú omi. Ìyá ìyá mi máa ń gbé ìkòkò méjì lé ara wọn. Ti òkè ní ihò nídìí, eérú ló kún inú rẹ̀. Omi tí a bá dà sí i á máa kán tó, tó, tó sínú ti ìsàlẹ̀, omi eérú yẹn ni wọ́n sì fi ń rẹ èlú kí aró tó lè mú aṣọ. Bí mo bá na ọwọ́ sí i, màmá àgbà á gbá a dànù: "Ó ń jẹ ọwọ́!" Mo mọ̀ ọ́n nídìí ìkòkò, n kò rántí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọdún náà, gbígbẹ ni mo ń gbé eérú lọ, òróró ólífì díẹ̀ la sì ń kán sí i láàárọ̀ ọjọ́ ìsìn.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́rú náà, kí òṣìṣẹ́ lè ráyè lọ síbi iṣẹ́. Àwa mọ́kànlélógójì la wá, iye tó pọ̀ fún wa ní àárín ọ̀sẹ̀. Tọkọtaya Dàdá Estate wà níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì kejì ṣófo, kò sí ẹni tó lọ jókòó síbẹ̀. Àlùfáà tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ bọ inú àwo, ó ń ti orí kan bọ́ sí orí kejì: "Erùpẹ̀ sá ni ìwọ, ìwọ ó sì padà di erùpẹ̀." Bí ó ti wà nínú Bíbélì tí Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ túmọ̀, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń dún létí mi láti kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tó kàn mí lọ́dún náà, mo mọ ẹni tó wà lórí àtàǹpàkò náà. Mo mọ yẹtí tí ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ hun. Mo mọ ògiri Bàbá Akọrin. Mo mọ̀ pé Màmá wà lára rẹ̀, mo sì dákẹ́ díẹ̀ kí n tó ṣe "Àmín," bí ó ṣe kọ́ mi.

N kò nu àmì náà kúrò. Mo gbé e lọ sí ìsọ̀ mi ní ọjà Ìgbóǹnà. Ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ gbé mi ní, "Màmá, nǹkan dúdú wà níwájú orí yín o." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Rábì tó pààlà pẹ̀lú mi lọ́jà kò béèrè, ó mọ̀ ọ́n. Ó kàn ní, "Tiyín náà ti dé," a sì jọ jókòó tì igbá wa títí oòrùn fi rọlẹ̀, kò sí ẹni tó pe ẹlẹ́wà tó ń kọjá.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gba ìmọ̀-ọ̀pẹ Màmá, Àlàájì ti sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ti dúró bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, bí ọjọ́ ọ̀pẹ bá tún pé, ẹ bá mi mú ọ̀kan wá. Ibi tí ó máa ń wà yẹn, n kò fẹ́ máa rí i ní òfìfo."

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin ni Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ lọ́dún náà. Wọ́n ti jẹ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tán. Mo mú ìdì tútù kan láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo yọ àdìrẹ Màmá jáde nínú Ìwé Àdúrà, mo so ó mọ́ ọn nídìí, mo ta á ní kókó méjì. Àlàájì gbà á lọ́wọ́ mi. Ó gbé àpótí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gun orí rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó náà fúnra rẹ̀, ó wá bojú wẹ̀yìn bi mí bóyá kò wọ́.

Mo ní ó gún.