Ohun tí mo rí kọ́ lára James Hadley Chase

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń kọ́ iṣẹ́ ìtàn kíkọ, ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ James Hadley Chase, òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀daràn. Ẹ bi àwọn òbí yín wò. Láyé 1970 sí 1980 lọ́hùn-ún, ìwé rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ girama ní Nàìjíríà ń kà lábẹ́ tábìlì. Àwòrán obìnrin tí aṣọ ò bo lára tán tó máa ń wà lára èèpo rẹ̀ kì í ṣe ohun tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ rí.

Ọmọ London ni, 1906 ni wọ́n bí i, René Raymond sì ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìwé títà ló kọ́kọ́ fi jẹun: ó kiri ìwé ìmọ̀ àwọn ọmọdé láti ojúlé dé ojúlé, ó tún bá àwọn tó ń kó ìwé fún ìsọ̀ ṣiṣẹ́. Ojú ọjà ló ti rí i pé ìtàn jàǹdùkú Amẹ́ríkà làwọn èèyàn ń wá. Lọ́dún 1939, tirẹ̀ náà jáde, No Orchids for Miss Blandish, ó sì tà rẹpẹtẹ. Bẹ́ẹ̀ kò gbé Amẹ́ríkà rí. Máàpù àti ìwé atúmọ̀ èdè àwọn ọmọ ìta ibẹ̀ ló tẹ́ síwájú.

Máàpù yẹn ló wọ̀ mí lára jù. Níbi iṣẹ́ wa, tí ọ̀dọ́ kan bá gbé eré orí rédíò wá, tó ní olè jí owó ní Ìkẹjà, ó sá lọ sí Lẹ́kì, mo máa ń bi í pé: títì wo ló gbà? Aago mélòó? Bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ṣé Third Mainland á jẹ́ kó kọjá ni? Nígbà míì, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yẹn gan-an ni ìtàn tó dáa ti ń jáde: owó wà nínú búùtù, ọlọ́pàá wà nínú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́, mọ́tò ò sún.

George Orwell, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹnu àtẹ́ lu Miss Blandish lọ́dún 1944 nítorí ìwà ìkà inú rẹ̀, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Síbẹ̀, òun náà yìn ín pé agbára káká lèèyàn fi lè rí ọ̀rọ̀ kan tó ṣòfò níbẹ̀. Bí Chase ṣe kọ ìwé bí 90 nìyẹn kó tó kú ní Switzerland lọ́dún 1985.

Àbùkù kan wà tí mi ò ní bò. Ó kọ ìwé kan lórúkọ Raymond Marshall, ni Raymond Chandler, ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà, bá ní ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n kó síbẹ̀. Chase tọrọ àforíjì ní gbangba nínú The Bookseller, ìwé ìròyìn àwọn òǹtàwé. Ẹni tó ní atúmọ̀ èdè lọ́wọ́, tó tún lọ ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹlòmíràn! Bí mo bá fẹ́ kọ́ ọgbọ́n lára òǹkọ̀wé kan, màá ka ìwé rẹ̀ tán, màá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní gbólóhùn kan péré, màá wá kó ìwé náà sínú àpótí. Ó di ọjọ́ kejì kí n tó mú gègé.