Àwọn Tí Kò Sí Nínú Ìwé Aténdáǹsì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra iṣẹ́ àṣekágbá, ohun kan wà tó gbà mí ní odidi sẹ́mẹ́sítà kan kó tó yé mi.

Nígbà tí mò ń ṣe másítà ní Ìbàdàn níbí, wọ́n ní kí n yẹ ètò kan wò: kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ọdún kejì tí ìṣirò ń dà láàmú. Ṣé ó ń ṣe wọ́n láǹfààní àbí kò ṣe? Mo pín wọn sí méjì, àwọn tó ń wá àti àwọn tí kì í wá, mo kó máàkì wọn sínú Excel, mo ṣe t-test, ìṣirò tó ń fi ìpíndọ́gba ẹgbẹ́ méjì wéra. p-value, ìyẹn bó ṣe ṣeé ṣe tó kí ìyàtọ̀ tó tó báyìí tàbí tó jù ú lọ ṣèèṣì wáyé ká ní ẹgbẹ́ méjèèjì kò yàtọ̀ rárá, bọ́ sí abẹ́ 0.05 dáadáa, ààlà tí wọ́n sábà ń lò. Inú mi dùn débi pé mo ti ń béèrè iye tí àwọn tó ń dìwé ní Dùgbẹ̀ ń gbà.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Màmá ò tilẹ̀ wo p-value. Ìwé aténdáǹsì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi ìka tẹ ibì kan tí orúkọ mẹ́ta tò léra: báírò aláwọ̀ ewé kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà. "Èèyàn mélòó ló wá lọ́jọ́ yìí?" Mo ní mẹ́ta, ma. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tún ní, "Àwọn tí kì í wá ńkọ́, kí ló ń dá wọn dúró?"

N kò mọ̀. Mo wá wọn lọ. Ohun tí wọ́n sọ kò kan ìṣirò rárá. Aago méje alẹ́ ni kíláàsì ń parí. Ẹni tó ń gbé Mọ́níyà tàbí Olódó, níbo ló ti fẹ́ rí Micra wọ̀ nígbà yẹn láìsan ìlọ́po méjì? Àwọn ará họ́sítẹ́ẹ̀lì ló ń jókòó dópin, àwọn náà sì ni sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Òjòó kì í jẹ wákàtí wọn. Kí wá ni mo ń wọ̀n? Kíláàsì ni àbí ibùgbé?

Mo wá èsì ọdún kìíní wọn, mo fi òun àti ibi tí kálukú ń gbé sínú regression, ìṣirò tó ń jẹ́ ká fi àwọn tó jọra nínú nǹkan wọ̀nyẹn wéra. Ìyàtọ̀ tí mo fi ń yangàn bá súnkì, ó kù fín-ín-fín. Ó dùn mí, ẹ má jẹ́ n purọ́.

Nípa p-value yẹn gan-an: ká ní standard deviation máàkì, ìyẹn bí máàkì ṣe ń jìnnà sí ìpíndọ́gba tó, jẹ́ 15. Ẹ kó 1,000 èèyàn sí ọ̀tún, 1,000 sí òsì: ìyàtọ̀ máàkì 2 péré yóò fún yín ní p bíi 0.003. Ẹ wá kó 15 sí ọ̀tún, 15 sí òsì: ìyàtọ̀ máàkì 8 yóò fún yín ní nǹkan bíi 0.15. Èwo ni ìyá akẹ́kọ̀ọ́ máa fẹ́ fún ọmọ rẹ̀? Ẹ kọ bí ìyàtọ̀ ṣe tóbi tó sílẹ̀ kí ẹ tó kọ p. (Ilé iṣẹ́ ọtí Guinness ní Dublin ni William Gosset ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tó gbé t-test jáde ní 1908, "Student" ló fi ṣe orúkọ, torí ilé iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde.)

Bí ẹ bá sì ṣa àwọn tó fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò kìíní, púpọ̀ nínú wọn máa gòkè nínú ìkejì bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ kọ́ wọn. Ibà lè ti mú ẹlòmíràn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Francis Galton, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ nípa irú rẹ̀ ní 1886, lórí gíga òbí àti ọmọ: ọmọ àwọn òbí tó ga jù sábà máa ń sún mọ́ ìpíndọ́gba ju òbí wọn lọ. Àfi kí ẹ wá ẹgbẹ́ wọn tí kò sí nínú ètò, kí ẹ fi wọ́n wéra.

Ẹ má sì pín ìwé ìbéèrè níṣojú olùkọ́. "Mo gbà gan-an" ni wọ́n máa fàlà sí látòkè délẹ̀.

Ohun tí mo kọ nígbẹ̀yìn ni pé n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kíláàsì náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé e sí aago méjì ọ̀sán. Wọ́n gbé e. Nígbà tí mo yà síbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ Olódó kan ló ń kọ orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Orúkọ tirẹ̀ nìkan.