Ìbejì tí mi ò bí

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ní ọjà Wàǹdó pé Ìyá Ráfíù bí ìbejì, irọ́ ni o. Ráfíù nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, ó ti ń lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì ti ga jù mí lọ.

Àlọ́ ló fà á. Àlọ́ kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ẹ̀, àwọn ọmọdé inú ilé wa l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ló fún un lórúkọ yẹn, tó bá ti ń ti máṣìn ẹ̀ wọlé nírọ̀lẹ́ wọ́n á pariwo "Ààlọ́ o!", òun náà á dáhùn "Ààlọ̀!" tẹ̀rín-tẹ̀rín, kò bínú rí. Yàrá tó kọjú sí tèmi ló ń gbé. Ọmọ dáadáa ni o, kì í jalè, kì í jà, tẹ́ ẹ bá ní kó bá yín pọnmi á pọn ọ́n, àmọ́ kó ṣáà sọ òótọ́ ni kò lè ṣe. Kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ fi gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan, èyí tó ń rú mi lójú nìyẹn. Á jẹ ẹ̀bà tán, ọbẹ̀ ilá ṣì ń yọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ bi í pé kí ló jẹ, á ní ìrẹsì. Kí ló fẹ́ fi ìrẹsì ṣe gan-an? Ẹ pè é lórí fóònù, á ní òun ti dé Kútọnú, ẹ̀ẹ́ sì máa gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan nínú fóònù, ọ̀kan lẹ́yìn ògiri.

Ìgbà kan tí àlejò wá, ó ní bàbá bàbá òun wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ mọ́sáláṣí ńlá lélẹ̀, èyí tí àwọn Àgùdà kọ́ tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. 1912 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o. Bàbá bàbá ẹ̀ tí à ń wí yìí ṣì ń gun máṣìn lọ ná ọjà Àjàrá lọ́rọọrún. Mo ní Àlọ́, ọmọ ọdún mélòó wá ni bàbá? Ó ní àwọn kì í tètè gbó nílé àwọn.

Ṣé ẹ rí i, a ti mọ́ ọn lára, ẹ̀rín la máa ń fi í rín. Àfi ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mò ń ṣa ẹ̀wà tí mo fẹ́ lọ̀ fi dín àkàrà, ni ìyá kan bá sọ̀ kalẹ̀ lórí sẹ́mí, ọ̀kadà tiwa níbí, tòun ti abọ́ ńlá tó kún fọ́fọ́, ọṣẹ, ìpara, epo pupa, àǹkárá méjì tí wọ́n jọ jẹ́ ẹ̀yà kan náà. Láti ẹnu géètì ni wọ́n ti ń jó bọ̀.

"Ẹ kú ewu ọmọ o!"

"Ewu iná kì í pàwòdì," ẹnu mi ti dá wọn lóhùn kí orí mi tó gbọ́.

Ìyàwó ọ̀gá Àlọ́ ni wọ́n, ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ ajórin. Ọmọ Gùn ni wọ́n, àmọ́ Yorùbá wọn dán ju tèmi lọ, ìyá ìbejì sì làwọn fúnra wọn. "Zinsu dà? Sagbo dà?" Orúkọ ìbejì lọ́dọ̀ àwọn Gùn nìyẹn. Kí n tó la ẹnu wọ́n ti rí ẹ̀wà lórí àtẹ, "Áà, ẹ ti ń ṣẹ̀wà wọn!" Wọ́n wo okùn aṣọ, aṣọ ọmọ àbúrò mi tó wá kí wa ló wà níbẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá wo ikùn mi, wọ́n ní ẹ pẹ̀lẹ́, á wọlé díẹ̀díẹ̀. Ikùn tó ti wà bẹ́ẹ̀ látìgbà tí mo ti bí Ráfíù!

Ibẹ̀ ni mo ti wá gbọ́ ìtàn ara mi. Pé ọbí mú mi lóru, ọkọ mi ò sí nílé, Àlọ́ gbé mi lórí máṣìn dé ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ò sí, Àlọ́ bá na apá. Apá méjèèjì o. Wọ́n fa tòsì fún Táyé, wọ́n fa tọ̀tún fún Kẹ́yìn. Ìdí tí kò fi wá síbi iṣẹ́ látọjọ́ yìí nìyẹn, ara ẹ̀ ò tíì gbà á. Ẹni tó ń sùn ní yàrá ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀!

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Èmi rò pé ọjọ́ náà ti pé, torí Àlọ́ yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀, táwẹ́lì lọ́rùn. Mo ní á sáré padà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, ó fìka sétè.

"Màmá, ẹ rọra, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."

Ìyá bá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní àwọn á kàn yọjú wò wọ́n. Àlọ́ ní áà, Kẹ́yìn ló sùn, Táyé wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Wọ́n ní kí wọ́n wo Kẹ́yìn náà. Ó ní Kẹ́yìn ló wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Èmi ń wo ẹnu ẹ̀ bó ṣe ń lọ, àtẹ ẹ̀wà ṣì wà lórí itan mi, ohùn ò jáde.

Ibẹ̀ la wà tí Ráfíù ti ilé ìwé dé tòun ti kakí ẹ̀. Inú ìyá dùn, wọ́n ti ẹyọ owó ẹgbẹ̀ta lé díẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ìbejì, gba tìẹ.

"Ìbejì wo?"

Gbogbo wa dákẹ́. Àlọ́ wo Ráfíù, ó wo ìyá, ó ní:

"A ò tíì sọ fún un ni."

Ìyá bá wo Ráfíù látorí dé ẹsẹ̀, wọ́n wo yàrá mi kan ṣoṣo, wọ́n wo èmi. Mo ní, "Ìyá, ẹ máà bínú, mi ò bímọ." Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo rò pé ẹkún ni, ẹ̀rín ni, wọ́n rín in títí ìró wọn fi tú. Wọ́n kó àǹkárá padà, wọ́n fi ọṣẹ sílẹ̀ fún mi, wọ́n ní ẹni tó ń bá Àlọ́ gbélé á nílò ẹ̀. Ohun tí ọ̀gá fi ojú ẹ̀ rí lọ́jọ́ kejì, mi ò mọ̀ ọ́n, Àlọ́ sọ fún wa pé wọ́n fi òun jẹ igbákejì ọ̀gá.

Mo rò pé ó tán. Ìyá ọkọ mi bá pè mí láti Sakété, ẹnì kan tó ná Wàǹdó ló ti bá wọn gbé ìròyìn délé. "Ìyàwó mi, ìbejì, mi ò sì gbọ́!"

Mo ní, "Màámi, irọ́ ni o, mi ò bí nǹkan kan."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù rẹ láàárọ̀ nígbà tó o wà lẹ́nu iná ti ṣàlàyé fún mi, ó ní wàá sẹ́ nítorí ojú ayé. O ṣe dáadáa."

Inú tasí ni wọ́n ti ń bá mi sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́ tí adìẹ ń ké lẹ́sẹ̀ wọn.