Ilé Parker létí odò Ohio

Ọ̀rọ̀ ìwé tí John Parker, ẹni tó ti ṣe ẹrú rí tó wá ń ran àwọn ẹrú lọ́wọ́ láti sá, sọ sínú iná ni ò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di alẹ́ yìí. Ripley la lọ lónìí, ìlú kékeré kan ní Brown County, Ohio, odò ló pààlà òun àti Kentucky. Láyé ìgbà òwò ẹrú, Kentucky ń ra ẹrú wọ́n ń tà á, Ohio ò sì gbà á láyè, torí náà ẹni tó bá ti lè ré odò yẹn kọjá, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nínú oko ẹrú nìyẹn.

Ilé pásítọ̀ John Rankin ló wà lórí òkè. Ilé bíríkì kékeré ni, òun àti Jean ìyàwó ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ 13, bí wọ́n ṣe rí àyè gba àwọn ẹrú tó ń sá síbẹ̀ yà mí lẹ́nu gan-an ni. Wọ́n á tan fìtílà síbi fèrèsé lóru, àwọn tó wà lódìkejì odò á sì rí i. Wọ́n ní àwọn tó gbabẹ̀ sá lọ ju 2,000 lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń ya fọ́tò, èmi náà yà, torí ẹ máa rí odò yẹn lọ títí.

Ṣùgbọ́n ilé Parker tó wà nísàlẹ̀, ní Front Street létí odò gan-an, ni mo pẹ́ sí jù. Norfolk ní Virginia ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1827, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí wọ́n tà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ o, wọ́n fi ṣéènì so ó mọ́ bàbá àgbàlagbà kan, wọ́n ní kí wọ́n máa rìn. Mobile, Alabama ló bá ara ẹ̀, ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ irin yíyọ́, ó ń san owó díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ra ara ẹ̀ ní $1,800 lọ́dún 1845. Ẹni tó san irú owó yẹn, tó bá jìnnà sí ọ̀rọ̀ ẹrú títí ayé, ta ló máa bá a wí? Etí odò ló wá kọ́lé sí. Lọ́sàn-án ó ń yọ́ irin nílé iṣẹ́ ẹ̀, lóru ó ń tukọ̀ lọ sí Kentucky láti lọ kó àwọn ẹrú tó fẹ́ sá.

Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ìtàn tọkọtaya kan tí olówó wọn ń gbé ọmọ wọn jòjòló sùn nínú yàrá tiẹ̀ lálaalẹ́, pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́ nítòsí, kí àwọn òbí má baà lè sá. Parker rápálá wọ yàrá yẹn lóru, ó gbé ọmọ náà, ó sáré dé etí odò. Mo ronú kan ìyá ọmọ yẹn tó ń dúró níta. Ara mi bù máṣọ.

Òfin 1850 ló wá ba nǹkan jẹ́ sí i: ẹni tó bá ran ẹrú tó sá lọ́wọ́ lè fẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura, kó sì san tó $1,000. Parker ní ìwé tó ń kọ orúkọ àti ọjọ́ sí, ó ti ran èèyàn 315 lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ó jù ú sínú iná ìléru tó fi ń yọ́ irin. Ó tọ̀nà bó ṣe ṣe é, kò sọ́nà míì, àmọ́ ó dùn mí wọra, torí orúkọ àwọn èèyàn wa ni, àwọn tí wọ́n kó baba wọn ní etíkun tiwa wà lára wọn láìsí àní-àní. Ìdí tí mo fi mọ rírì ilé yẹn nìyẹn, ìwé ti jóná, ògiri ṣì wà níbẹ̀. Lọ́dún 1997 ni ìjọba àpapọ̀ ka ilé méjèèjì, tiẹ̀ àti ti Rankin, kún National Historic Landmark, ìyẹn àwọn ibi ìtàn pàtàkì nílẹ̀ Amẹ́ríkà.

A yà ní Georgetown náà kí ilẹ̀ tó ṣú, níbi tí Ààrẹ Ulysses Grant ti dàgbà, ilé tó dáa ni.

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Cincinnati, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Ẹ gba ọ̀nà US 52, ẹ ṣáà máa bá odò lọ, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ilé orí òkè nìkan lẹ máa wò.